Bàbá Aago àti Ìjà Ọ̀pá Tó Kọ́ Nínú Fóònù

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi tí mò ń kọ ẹjọ́ sílẹ̀ gbé bírò kalẹ̀ kí n lè rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Obìnrin télọ̀ kan ló pe ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ọkọ náà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Aago nítorí pé aago ló ń tún ṣe, wọlé pẹ̀lú báńdéèjì lórí imú, òmíràn lórí orúnkún. Ìyá télọ̀ tó ń bá wọn gbé tẹ̀ lé wọn, lánlọ́ọ̀dù wọn ló wọlé kẹ́yìn. Ẹ̀ṣọ́ ààfin gbé ọ̀pá tó dá wàhálà sílẹ̀ sórí tábìlì: igi ìnulẹ̀ ni, wọ́n ti yọ àkísà ìdí rẹ̀ kúrò.

Kábíyèsí ní kí télọ̀ sọ tẹnu rẹ̀.

"Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ọkọ mi fẹ́ fi igi ìnulẹ̀ pa gbogbo wa sílé. Oṣù mẹ́ta rèé tó ti ń wo fídíò ìjà ọ̀pá lórí fóònù. Tó bá ti jí, kò ní bọ́jú, kò ní kí èèyàn. Á ti àga pálọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbé fóònù ti ìgò omi, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: 'Há! Họ̀! Há!'"

"Ta ló ń bá jà?"

"Òun nìkan ni, Kábíyèsí. Síbẹ̀, òun náà ni wọ́n ń nà."

Àwọn ìjòyè bú sẹ́rìn-ín. Kábíyèsí gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́.

"Kí ló ti bà jẹ́?"

"Dígí ìwojú mi. Iná orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Fáànù òkè àjà. Ṣùgbọ́n ti kọ́sítọ́mà mi ló bí mi nínú jù. Obìnrin náà wá wọ aṣọ tí mo rán fún un wò. Ó dúró sídìí kọ́tìnnì, ó ní kí n bá òun fún ìbàdí rẹ̀ díẹ̀ sí i. Àfi fìrì! Ọ̀pá gba àárín kọ́tìnnì yọ, ó ká wíìgì kúrò lórí rẹ̀. Wíìgì wá ń fì dirodiro lẹ́nu ọ̀pá! Obìnrin yẹn wọ aṣọ tí mi ò tíì rán tán sá jáde. Títí di òní, mi ò rí i."

Bàbá Aago nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí wíìgì yẹn. Ṣé ọ̀pá kan obìnrin yẹn lágbárí? Kò kàn án. Ṣé ó fara pa? Kò fara pa. Wíìgì nìkan ni mo mú! Ẹ bi àwọn tó mọ ìjà, wọ́n á sọ fún yín pé iṣẹ́ ọ̀gá nìyẹn."

"Ṣé wíìgì náà lo fojú sùn?"

"Rárá o, Kábíyèsí. Eṣinṣin kan ni."

"Eṣinṣin náà wá ńkọ́?"

"Ó ti sá lọ. Ẹ̀rù mi bà á."

Ìjòyè kan béèrè ohun tó ṣe é nímú.

"Ọ̀gá tó ń kọ́ wa nínú fídíò, ńṣe ló kọjú sí wa. Tó bá gbé ọwọ́ ọ̀tún, lójú tèmi, òsì ló gbé. Ó ní ká na ọ̀tá níwájú orí. Èmi náà na ọ̀pá. Imú tó sún mọ́ ọ̀pá jù, tèmi ni."

"Ẹ ní kó sọ ti ọjọ́ tó di ère," ni télọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Mo lọ ra òwú. Ìgbà tí mo dé, mo bá a tó na ọ̀pá sókè, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, kò mira. Mo pè é, ẹyinjú nìkan ló ń yí. Mo figbe ta pé ọkọ mi ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀!"

"Mi ò rọ o, Kábíyèsí. Nẹ́tíwọ̀kì ló lọ. Ọ̀gá na ọ̀pá sókè, ó dúró, èmi náà dúró. Mo rò pé ẹ̀kọ́ sùúrù ló ń kọ́ wa. Àbí kí n sọ ọ̀pá kalẹ̀ ṣáájú ọ̀gá mi?"

"Báwo lo ṣe pẹ́ tó lórí ìdúró yẹn?"

"Ogójì ìṣẹ́jú. Aago mẹ́fà ló wà lára ògiri wa, gbogbo wọn ló lè jẹ́rìí mi."

Kábíyèsí fọwọ́ bo ẹnu, ó wúkọ́ tí kì í ṣe ikọ́, ó wá pe lánlọ́ọ̀dù.

"Kábíyèsí, ojú mi báyìí ló ṣe," ni lánlọ́ọ̀dù wí. "Láàárọ̀ Sátidé, mo rí i kedere bó ṣe fi ọ̀pá gbá fáànù. Fáànù já, ó ń yí bọ̀ nílẹ̀ gbirigbiri."

"Níbo lo dúró sí?"

"Ìsàlẹ̀ ni mò ń gbé, Kábíyèsí. Ojú wíńdò mi ni mo wà."

"Ojú wíńdò ìsàlẹ̀ lo ti rí àjà pálọ̀ òkè?"

"Mo... mo gbórí sókè dáadáa ni, Kábíyèsí."

Kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín tán, ìyá télọ̀ ti dìde.

"Irọ́ ló ń pa! Fáànù ò já ní Sátidé. Ọjọ́rú ni, aago mọ́kànlá àárọ̀. Ọkọ ọmọ mi ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

Bàbá Aago bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú sí màmá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Sátidé ni, mà. Èmi ni mo já a."

Télọ̀ wo ọkọ, ó wo ìyá. "Ọkọ mi wà ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi lọ ra bọ́tìnnì lọ́jọ́ yẹn. Màmá, ta ló wà nílé?"

Màmá wo àjà ààfin bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

"Ẹ̀kọ́ keje ni," ló wí níkẹyìn. "Yíyí ọ̀pá lókè orí. Mo yí i, ó yí dáadáa. A kàn gbàgbé fáànù ni."

"Màmá!"

"Kí lò ń pariwo sí? Ṣebí ìwọ lo ní kí n yéé jókòó sójú kan! Ẹ̀yìn ọkọ ẹ ni mò ń jókòó sí láràárọ̀. Ó ń kọ́ ọ, kò mọ̀ ọ́n. Èmi ń wò ó, mo mọ̀ ọ́n."

Kábíyèsí yíjú sí Bàbá Aago. "O mọ̀ pé màmá ni?"

"Mo mọ̀, Kábíyèsí. Mo gbàgbé awò ojú mi, mo bá padà wálé lọ mú un. Mo bá màmá nílẹ̀, fáànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má sọ. Mo ní kò burú, kí wọ́n kó o lé mi lórí. Ẹ̀sùn mi kúkú ti pọ̀."

Ohùn télọ̀ wálẹ̀, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi bá yín sọ̀rọ̀ nítorí fáànù yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò sì sọ nǹkan kan?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìyá ẹ ni."

Kábíyèsí bi í léèrè ohun tó gbé e dé ìdí ìjà, òun tó jẹ́ pé síkúrúù tíntìntín nìkan ló ń bá fà á. Bàbá Aago tẹrí ba.

"Kọ́sítọ́mà kan ló wá gba aago rẹ̀ nílé wa. Ó ga, ó fẹ̀. Bó ṣe ń lọ, ó fọwọ́ pa mí lórí bí ọmọ ọwọ́, ó ní, 'Bàbá kékeré, o ṣeun.' Ìyàwó mi wà níbẹ̀, Kábíyèsí. Ó dùn mí wọ egungun."

"Ọjọ́ wo?" ni télọ̀ béèrè. "Èmi ò tiẹ̀ rí i. Abẹ́rẹ́ tó jábọ́ ni mò ń wá nílẹ̀!"

Bàbá Aago fọwọ́ kan báńdéèjì imú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta, imú kan, orúnkún kan, nítorí ohun tí ìyàwó ò rí.

Kábíyèsí ní kí wọ́n wá ọ̀pá kejì, kí ọkọ àti ìyá ìyàwó dojú kọra wọn. Bàbá Aago fẹsẹ̀ lélẹ̀, ó ní "Há..." Kó tó fi "Họ̀" tì í, ọ̀pá ti fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sí itan ìjòyè àgbà tó ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ìjòyè ta jí, ó kígbe pé, "Mo fara mọ́ ọn!"

Kábíyèsí bá dájọ́.

"Bàbá Aago, fóònù kì í ṣe ọ̀gá rẹ mọ́, ìyá ìyàwó rẹ ni. Ẹ̀yìn ààfin ni ẹ ó ti máa kọ́ ọ ní gbogbo Sátidé, níbi tí kò sí fáànù, tí kò sí dígí. Télọ̀, ìwọ lo máa fi ègé aṣọ rán ọ̀pá rírọ̀ tí ọkọ rẹ máa fi dojú kọ màmá. Lánlọ́ọ̀dù, ìwọ tí ojú rẹ ń ríran gba inú àjà kọjá, ìwọ lo máa gbé ìrọ̀rí mọ́ àyà fún oṣù mẹ́ta, tí wọ́n á máa fi igi gidi nà án."

Lánlọ́ọ̀dù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ẹ ṣàánú mi! Nínú àwọn méjèèjì, ta ló máa na ìrọ̀rí náà?"

"Bàbá Aago ni."

Lánlọ́ọ̀dù mí kanlẹ̀. "Háà, ẹ ṣeun, Kábíyèsí! Mo ti rò pé màmá ni."

Màmá wò ó tàánú-tàánú.

"Kò tíì yé ọ," ló wí. "Ká ní èmi ni, ìrọ̀rí ni igi mi máa bà."