Àníyàn Fọ́tò

Nínú yàrá kan ní Al-Aziziyah, ní Mẹ́kà, Mojeed jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú aṣọ funfun hárámì. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wa takisí ní Amẹ́ríkà. Ní báyìí, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ nílé ni ọkàn rẹ̀ wà. Mùs'áb, akẹ́kọ̀ọ́ òfin ẹ̀sìn tí wọ́n ní kó mú un lọ ṣe ọ́múrà, ìjọsìn ní Káábà, dúró ti ilẹ̀kùn. Ó ti wà lórí ìdúró fún ogójì ìṣẹ́jú.

"Àlàájì, ọkọ̀ ń lọ."

"Ní sùúrù, Àáfà. Ẹgbẹ́ òṣèlú wa ń yan olùdíje lọ́wọ́ nílé. Èmi àti Màrúf ló kù. Màrúf ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Èmi ya tèmi pẹ̀lú Káábà."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Amẹ́ríkà. Àwọn ló mọ ìṣèlú. Ó wà nínú òfin wọn pé ìjọba ò gbọdọ̀ dá ẹ̀sìn kankan sílẹ̀, pé wọn ò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀sìn dán ẹni tó ń wá ipò wò."

"Ìyẹn dáa."

"Ó dáa. Bí ààrẹ bá wá ń búra, á gbọ́wọ́ lé Bíbélì."

"Òfin ló ní kó gbé e lé e?"

"Rárá. Olùdìbò ni."

"Ilé aṣòfin wọn ńkọ́?"

"Àlùfáà á kọ́kọ́ gbàdúrà. Ìjọba ló ń san owó oṣù rẹ̀."

"Ìjọba tí kò ní ẹ̀sìn?"

"Òun náà ni."

"Tí wọ́n bá ṣàmín tán ńkọ́?"

"Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn."

Mùs'áb wo bàtà ara rẹ̀. Ọdún márùn-ún ló ti fi ń kàwé lórí àníyàn, ìyẹn ìpinnu ọkàn, àti iṣẹ́. Kò sí ojú ewé kan níbẹ̀ tó mẹ́nu ba irú ọkùnrin yìí.

"Ẹni tó bá ní òun ò lẹ́sìn ńkọ́?"

"Á san owó orí, á lọ sógun. Ìbò nìkan ni kò ní tètè rí."

"Ṣé ẹnikẹ́ni ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá olóṣèlú wọn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Fọ́tò ni wọ́n ń wò. Bó bá ti wọlé tán, gọ́ọ̀fù ni àwọn mìíràn ń lọ gbá láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi."

"Ẹ jẹ́ ká lọ yí Káábà ká, kí n ya òmíràn fún yín níbẹ̀."

"Èyí tí mo yà ní Jẹ́ddà kí a tó dé ibí ti tó. Àwòrán Káábà ńlá kan wà lára ògiri ibi tí wọ́n ti ń jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì tí mo sùn sí níbẹ̀. Mo ti fi ránṣẹ́ láàárọ̀." Ó na fóònù sí i.

Mùs'áb wò ó, ó tún un wò.

"Àlàájì, èjìká ọ̀tún là ń ṣí sílẹ̀ bí a bá ń yí Káábà. Òsì lẹ ṣí. Abọ́ ẹyin díndín sì ń yọjú lábẹ́ Káábà."

Mojeed fajú ro. "Alága ẹgbẹ́ ti wá sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mẹfà."

"Á jẹ́ pé á rí i."

Fóònù dún. Mojeed dìde dúró, ó ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni, sà" títí. Nígbà tó yá, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Wọ́n yọ yín?"

"Wọ́n mú mi. Alága ní èjìká òsì ni ìrẹ̀lẹ̀. Ó ní kí gbogbo olùdíje ẹgbẹ́ lọ tún fọ́tò wọn yà bẹ́ẹ̀."

Mùs'áb ṣílẹ̀kùn. "Ẹ jẹ́ ká wá lọ ṣe ọ́múrà. Ẹni tó bá ti wọ hárámì kò gbọdọ̀ bọ́ ọ láìparí iṣẹ́ rẹ̀."

"Ẹni tó bá ṣe àníyàn ọ́múrà nìyẹn. Èmi, àníyàn fọ́tò ni mo ṣe." Ó ti ń wá ṣòkòtò rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Àáfà, ibi tí wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù ní Jẹ́ddà, ọkọ̀ wo ló ń lọ síbẹ̀?"