Ẹ̀wà Ìpele Karùn-ún

Ohùn ọkọ mi tí mo gbọ́ kẹ́yìn láyé, ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ló wà lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin tí ọkọ yín bá yín sọ̀rọ̀ ìdágbére tó dùn, ẹ kú oríire. Èmi ń di ẹrù nínú yàrá ní tèmi, mo fẹ́ lọ kí Mùínàt ọmọ wa tó bímọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Bàbá Mùínàt àti Àjàmú bíríkìlà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa l'Ẹ́jìgbò, wọ́n ń bá eré wọn lọ. Ọdún 1992 ni, nínú ọ̀gbẹlẹ̀, oòrùn ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yẹ̀.

Kí n sọ eré náà kó yé yín. Abíjàn ni Bàbá Mùínàt ti kó o bọ̀. Ilé tíṣà òyìnbó kan ni wọ́n ti ń fọṣọ níbẹ̀, àwọn ọmọ òyìnbó náà a sì máa jókòó yí tábìlì ká, wọn a máa fi ẹnu lásán rìnrìn àjò. Ẹnì kan ni ọ̀gá, òun ló ń sọ pé ẹ ti dé inú igbó o, ẹkùn ló ń bọ̀ yẹn. Ẹni tó ń ṣeré á sọ ohun tí èèyàn tirẹ̀ fẹ́ ṣe, á da dáìsì olójú púpọ̀ sílẹ̀, dáìsì á sì sọ bóyá ó ṣe é, àbí ẹkùn ló jẹ ẹ́. Bí èèyàn rẹ bá ń jà tó ń yè, ọ̀gá á máa gbé e láti ìpele kan sí èkejì, agbára rẹ̀ á máa pọ̀ sí i. Bàbá Mùínàt ni ọ̀gá. Àjàmú nìkan ni gbogbo àwọn tó kù. Jagunjagun tó ń fi ṣọ́bìrì jà ni èèyàn tirẹ̀, Kúmápàyí ló sọ ọ́, kí dáìsì má baà rí i pa.

Kúmápàyí ti wà ní ìpele kẹrin láti ìgbà òjò. Ó dúró lẹ́nu bodè ìlú olódi kan, oníbodè sì ní ẹni tí kò bá tíì dé ìpele karùn-ún kò ní wọlé. Ìdájí ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ tó máa gbé Àjàmú lọ Abíjàn fẹ́ gbéra. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ń dúró dè é níbẹ̀, kò sì mọ ọdún tí òun máa padà. Ohun tó gbé e wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà nìyẹn, òun àti abọ́ ńlá kan tó fi àwo dé.

Ẹ̀wà ni, epo rẹ̀ ń dán. Àjàmú ní kí ẹ̀gbọ́n òun máa jẹun, òun ti jẹ tòun nílé. Bàbá Mùínàt kò bi í pé kí ló dé. Wọn kì í bi oúnjẹ ní ìbéèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí Kúmápàyí wọlé lónìí. Ọ̀la ni mò ń lọ."

"Dùsúmáà." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ "rọra" ní Abíjàn, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í tán lẹ́nu wọn.

"Láti ìgbà òjò lẹ ti ń sọ dùsúmáà."

"Ìpele kì í ṣe àtẹ̀gùn tí wọ́n ń sáré gùn. Èèyàn gbọ́dọ̀ jìyà dé ibì kan."

Àjàmú wá bẹ̀rẹ̀ sí í to ìyà Kúmápàyí sílẹ̀. Ejò bù ú jẹ. Àwọn olè bọ́ ọ sí ìhòòhò lójú ọ̀nà. Ó sun inú ihò àpáta pẹ̀lú òkú ewúrẹ́. Ó pa ẹkùn. Bàbá Mùínàt ní ẹkùn yẹn kò kà, dáìsì ló pa á. Àjàmú ní ta ló da dáìsì. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ló dà á, ọgbọ́n rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní bí èèyàn bá ń yára gòkè jù, ẹ̀rù kò ní bà á mọ́, ẹkùn á di ológbò lójú rẹ̀, eré á sì bàjẹ́.

"Bí iṣu ló rí," wọ́n wí, ṣíbí wà lẹ́nu. "A kì í wà á kó tó ta."

"Iṣu tí mo gbìn sí Màsífà lọ́jọ́ tí Kúmápàyí dé ẹnu bodè yẹn, a ti wà á, a ti jẹ ẹ́, a ti tọ́jú èbù rẹ̀."

"Iṣu tó yá báyẹn kì í ṣeé gún."

"Ìyàwó mi gún un. Ẹ̀yin náà jẹ níbẹ̀."

Wọ́n kọjú sí ẹ̀wà. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní kí Àjàmú lọ kó bọ̀, eré kò ní sá lọ. Àjàmú ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

"Èmi á wà lábẹ́ páànù l'Abíjàn, Kúmápàyí á wà níta, òjò tí ẹ̀yin fúnra yín ní ó ń rọ̀ á máa pa á. N kò ní lè fojú ba oorun."

"Mo lè dá òjò náà dúró."

"Ìpele ni mo tọrọ, Ẹ̀gbọ́n. N kò tọrọ ọ̀dá."

Mo gbọ́ tí ṣíbí ń ha ìdí abọ́. Àjàmú náà gbọ́. Ó jẹ́ kí ṣíbí náà dúró ná.

"Ṣé ẹ ti jẹ ẹ́ tán?"

"Mo jẹ ẹ́ tán. Kí Ọlọ́run bá mi kẹ́ ìyàwó rẹ."

"Àmín. Ó yá, ẹ gbé e sí ìpele karùn-ún."

"Nítorí ẹ̀wà?"

"Ẹ̀wà wòlímọ̀ ni. Wòlímọ̀ Kúmápàyí lẹ jẹ yẹn."

Gbogbo wa la lọ ilé kéú, a mọ ohun tó ń wí. Bí ọmọ kéú bá ka súrà ńlá kan já, òbí rẹ̀ á se ẹ̀wà wá fún Aáfà. Bí Aáfà bá ti jẹ ẹ̀wà yẹn, ọmọ ti kúrò lójú ibẹ̀ nìyẹn. Kò sí Aáfà tó ń jẹ ẹ̀wà ọmọ tán kó tún ní kó padà sí súrà àná.

"Ìwọ kò sọ fún mi pé wòlímọ̀ ni."

"Ẹ kò bi mí."

"Eré ni Kúmápàyí. Ẹ̀wà gidi kò lè gbé ẹni inú eré sókè."

"Ikùn gidi ló wọ̀."

"Iyọ̀ kò tó níbẹ̀."

"Ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí abọ́ kún."

"Ó dáa, màá fún ọ ní ààbọ̀ ìpele."

"Ààbọ̀ ẹ̀wà dà nínú abọ́ yìí?"

Bàbá Mùínàt ké sí mi pé kí n wá dá ẹjọ́ náà. Mo ti gbé ẹrù mi dé ẹnu ọ̀nà. Mo wo inú abọ́. Eṣinṣin kan ń rìn káàkiri nínú rẹ̀, kò rí nǹkan kan mú.

"Ẹ ti gbé ọmọ náà jáde, Bàbá Mùínàt," ni mo sọ. Àjàmú dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja.

Wọ́n nu ẹnu wọn. Wọ́n tún un nù, bí ẹni pé ẹ̀wà lè kúrò níbẹ̀ báyẹn kí ẹjọ́ náà bá a lọ.

"Kúmápàyí ti dé ìpele karùn-ún. Oníbodè ṣí ilẹ̀kùn."

Àjàmú fa àpótí tó jókòó lé mọ́ tábìlì. "Mo gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Kí ni mo rí?"

Wọ́n ní kí n bu omi wá. Mo bu omi wá. Wọ́n mu díẹ̀, wọ́n gbé ife sílẹ̀, wọ́n tún gbé e.

"Ó ṣókùnkùn díẹ̀ níbẹ̀."

"Ọ̀sán ni. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Atẹ́gùn ló gbé eruku."

"Mo dúró kí eruku rọlẹ̀. Ó ti rọlẹ̀ báyìí. Kí ni mo rí?"

Wọ́n wo àjà, wọ́n wò mí. Alùpùpù tó fẹ́ gbé mi ti ń fun fèrè níta.

"N kò tíì kọ́ ọ."

"Kí lẹ kò tíì kọ́?"

"Ìlú náà. Odi nìkan ni mo ti kọ́. Kí lo rò pé mo fi ń sọ dùsúmáà láti ìgbà òjò?"

Àjàmú rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ilé mú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń po sìmẹ́ńtì, òun kò tíì rí ẹni tó mọ odi, tó gba oníbodè síbẹ̀, tí kò sì ní yàrá kan péré nínú. Ó ní bí òun bá ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún ẹnikẹ́ni l'Ẹ́jìgbò, wọ́n á lé òun dé Ìsúndúnrin.

"Lọ Abíjàn," Bàbá Mùínàt wí. Ojú ń tì wọ́n, ẹ̀rín sì ń pa wọ́n. "Kí o tó dé, ìlú á ti wà níbẹ̀ tọjàtọjà, tòun ti àwọn tó máa nà ọ́."

"Kí oníbodè má ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lẹ́sẹ̀ o."

"Kò ní tì í."

"Ìpele kẹfà ńkọ́?"

Mo ti gun alùpùpù, ẹrù wà lórí itan mi. Wọ́n gbé ohùn sókè kó lè borí ariwo ẹ́ńjìnnì.

"Ti ìpele kẹfà, kí o fi ẹja sí i."

Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni mo wà tí wọ́n wá pè mí. Wọ́n ní Bàbá Mùínàt kírun alẹ́, wọ́n sùn, wọn kò sì jí. Àjàmú gbọ́ ọ l'Abíjàn. Ó ti wálé láti ìgbà náà, ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí n ṣáà sọ ohun kan tó wà nínú ìlú náà fún òun, kódà kó jẹ́ kànga. Mo ní èmi kọ́ ni ọ̀gá. Ìpele karùn-ún ni Kúmápàyí wà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì kọ́ ìlú náà.