Géètì Tó Ṣáájú Ọ̀nà

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ni nínú yín tó mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹni tó ra géètì kó tó la ọ̀nà, ewúrẹ́ ni yóò bá a ṣílé? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń mi orí bí alángbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, ojú mi ló ṣe. Ẹ̀gbẹ́ àbàtà tó ti ṣẹlẹ̀ ni mo ti ń ta gaàrí láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi ti kú.

Olóyè kan wà tó ń jẹ́ Ṣóbándé. Ó ra ilẹ̀ sí òdìkejì àbàtà Àkùrọ̀dò, ó kọ́ ilé mẹ́rìnlá síbẹ̀, ó mọ ògiri yí wọn ká, ó pe ibẹ̀ ní Ẹ̀sítéètì Ìdẹ̀ra. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló kọ́ ọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àbàtà a máa gbẹ, a máa ṣe bí ilẹ̀ gidi. Olóyè rí i bẹ́ẹ̀, ó ní ọ̀nà nìyẹn. Kò bi ará Àkùrọ̀dò kankan. Ta ni ará oko tí Olóyè yóò bi léèrè ọ̀rọ̀?

Òjò dé, ọ̀nà di omi. Kí ni Olóyè ṣe? Ṣé ó la ọ̀nà? Rárá o! Ó ra géètì. Géètì onírin gìrìwò, tó ní orí kìnnìún méjì lókè. Ogún ọkùnrin ló rù ú la ẹrẹ̀ kọjá, ẹrẹ̀ dé ìdí wọn. Wọ́n gbé e dúró, ó ń dán yanran lọ́hùn-ún, kò sì sí ẹni tó lè débẹ̀ àfi ẹja àrọ̀. Ó fi ọlọ́dẹ kan tó ń jẹ́ Làmídì ṣọ́ ọ, ó kó kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé fún un, ó ní, “Ẹni tó bá gba géètì wọlé nìkan ni kí o fún ní kọ́kọ́rọ́.”

Tíṣà Jíbọ́lá wà lára àwọn tó ti sanwó ilé. Inú yàrá kan ṣoṣo lòun àti ìyá rẹ̀, Màmá Àwẹ̀ró, ń gbé nílé onílé. Màmá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ Ọlọ́run fún. “N kò ní kú sílé onílé. Bó ṣe oorun ẹyọ kan péré, n ó sùn ún nílé ọmọ mi kí n tó lọ bá bàbá rẹ̀.”

Ni Tíṣà bá ń lọ sọ́dọ̀ Olóyè. Olóyè ní kó di Iléyá. Iléyá kọjá. Ó ní kó di Kérésìmesì. Ìyẹn náà kọjá, òjò ò sì jẹ́ kí àbàtà gbẹ lọ́dún náà. Lọ́jọ́ kan, Màmá tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lọ.

Olóyè ní, “Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kátápílà ti wà lọ́nà.”

Màmá ní, “Ọ̀nà wo? Ṣebí òun náà lẹ ní yóò wá la ọ̀nà?”

Olóyè rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí olówó máa ń rín bí ọ̀rọ̀ bá ti tán lẹ́nu ẹ̀.

Nígbà tí àwọn tó sanwó pariwo dé ààfin, Olóyè dá ọjọ́ ìṣílé. Lọ́jọ́ náà, ó ní kí wọ́n so ríbọ́nù pupa mọ́ géètì. Ó pe Làmídì lórí fóònù, “Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé géètì lónìí, kí i dáadáa, kí o sì ṣí i fún un!” Ara rẹ̀ ló ń sọ. Ó wọ inú jíìpù, ó ní jíìpù òun kì í rì.

Jíìpù rì dé fèrèsé.

Wọ́n pe katakata kó wá fà á. Katakata rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n sáré lọ bẹ kátápílà. Ẹ gbọ́ o, kátápílà tí à ń retí láti Iléyá wá dé nígbẹ̀yìn! Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú àbàtà, ó ké gbà-à, ó dákẹ́. Kò la ọ̀nà kankan, ó wá dí èyí tí kò sí. Olóyè gun orí jíìpù, ó ká agbádá sórí èjìká, ó ń wò yànyàn bí adìyẹ tí òjò pa.

Màmá Àwẹ̀ró wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá gaàrí mi. Kò wo Olóyè rárá. Àwọn ewúrẹ́ Àkùrọ̀dò tó ń kọjá ló ń wò.

Ó ní, “Jíbọ́lá, ojoojúmọ́ ni àwọn ewúrẹ́ yìí ń lọ jẹko lọ́hùn-ún, wọ́n ń bọ̀. Wo ẹsẹ̀ wọn. Ó gbẹ.”

“Màmá, ṣé ewúrẹ́ lẹ fẹ́ ká tẹ̀lé?”

“Ọdún kan gbáko lo ti ń tẹ̀lé Olóyè. Ibo lo dé?”

Tíṣà ru ẹní ìyá rẹ̀, ìyá mú ọ̀pá, wọ́n tẹ̀lé ewúrẹ́ gba ẹ̀yìn igbó ọ̀pẹ. Ọ̀nà tóóró kan wà níbẹ̀, ó gbẹ táútáú, iwájú géètì ló já sí.

Òbúkọ ló kọ́kọ́ dé. Làmídì na ara tantan, ó gbọ́wọ́ síwájú orí bíi ṣọ́jà: “Ẹ káàbọ̀ sí Ẹ̀sítéètì Ìdẹ̀ra o!” Òbúkọ kò dáhùn. Ó jẹ ríbọ́nù tán, Làmídì ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, àwọn ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e. Màmá Àwẹ̀ró tẹ̀lé wọn, ó na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́.

Olóyè ké láti orí jíìpù, “Làmídì! Ta ló ní kí o ṣí i?”

“Ẹ̀yin ni, sà! Ẹ ní ẹni tó bá kọ́kọ́ dé!”

“Ewúrẹ́ nìyẹn, ìwọ òmùgọ̀!”

“Ewúrẹ́ náà ló dé, sà. Ẹ̀yin ò tíì dé.”

Màmá ti tẹ́ ẹní sílé ọmọ rẹ̀. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó sì fi gbogbo ohùn tó kù lọ́fun rẹ̀ pariwo, “Olóyè! Ẹ kú ìṣílé o! Àwọn àlejò yín ti jẹun!”

Ó sun oorun rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì tún sùn ún fún ọdún mẹ́fà sí i. Olóyè ńkọ́? Ìrọ̀lẹ́ ló tó já ara rẹ̀ gbà nínú ẹrẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ń wá ọ̀nà ilé kiri. Ewúrẹ́ tó ń padà bọ̀ ló tẹ̀lé, òun ló gbẹ̀yìn wọn. Bó ṣe kọjá níwájú igbá gaàrí mi, mo kí i, mo sì sọ ọ́ sí i létí bí mo ṣe ń sọ ọ́ sí yín yìí: ẹni tó ra géètì kó tó la ọ̀nà, ewúrẹ́ ni yóò bá a ṣílé.