Àgbà Kì Í Gbé Garawa Lójú Alága

Bàbá ọkọ Ìyá Nọ́ọ̀sì ní ìyàwó kì í kàwé kọjá ibi tí ọkọ bá kà á dé. Ó kà á kọjá ibẹ̀. Ọkọ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún un, ó bá tirẹ̀ lọ; obìnrin náà kò pe mọ̀lẹ́bí kankan wá bá òun sunkún. Ọ̀gá àgbà nílé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní kí ó máa kúnlẹ̀ kí òun láràárọ̀. Lórí ìdúró ló ti ń kí i títí tí ọ̀gá fi fẹ̀yìntì, tí òun náà sì fẹ̀yìntì. Nígbà tó yá, orúnkún òsì ní tòun ni pé kí ó má rìn jìnnà mọ́. Ó ní kí orúnkún náà máa tẹ̀ lé òun, àbí kí ó dúró sílé.

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Nọ́ọ̀sì tó wọ kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké lówùúrọ̀ Sátidé, nínú aṣọ tó ti gbó, tó wá bá àwọn òbí tún ilé ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣe. Àwọn òbí yòókù ti pín ara wọn sí àwọn yàrá tó kù. Alága ẹgbẹ́ òbí nìkan ló bá níbẹ̀, ó wọ funfun báláú láti òkè délẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà!" Alága dọ̀bálẹ̀, ìwọ̀n ibi tí ṣòkòtò funfun gbà á láyè dé.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé ìgbéyàwó lò ń lọ ni?"

"Rárá mà. Iṣẹ́ náà ni mo wá ṣe."

"Aṣọ funfun lo wọ̀ wá kun ilé?"

"Àbójútó ni tèmi mà. Ẹgbẹ́ tí kò ní alábòójútó, agbo àgùntàn tí kò ní olùṣọ́ ni."

"Èmi àti ìwọ nìkan ló wà níbí. Ta lo fẹ́ bójú tó?"

Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ògiri mà."

"Ògiri kò bèèrè alábòójútó. Ọ̀dà ló ń bèèrè. Wo èéhù tó hù sí i lára bí irùngbọ̀n! Ọ̀gá ilé ìwé ti sọ ọ́: bí a kò bá kun yàrá yìí tán lónìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọmọ wà báyìí ni wọn yóò ti máa kàwé títí sáà yìí yóò fi parí. Inú atẹ́gùn! Ọmọ-ọmọ mi ti ń wúkọ́ bí arúgbó tó ń mu tábà."

"Ọmọ tèmi náà wà níbẹ̀ mà. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́kàn mi."

"Jẹ́ kó ti ọkàn bọ́ sọ́wọ́."

"Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀ mà, ohun tó ṣe kókó ni ìṣọ̀kan. Kí òbí mọ òbí. Kí a di ọmọ ìyá kan náà. Kí..."

Ìyá Nọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀, ó ti di garawa ọ̀dà mú.

Alága fò sókè bí ẹni tí iná jó. "Háà! Màmá! Kí àgbà gbé garawa lójú mi? Ìyá tó bí mi kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ o!" Ó já garawa gbà.

"Dá a padà."

"Kò ṣeé ṣe mà."

"Ó dára. Ó ti wà lọ́wọ́ rẹ, gbé e lọ sídìí ògiri."

Ó gbé e. Ọ̀dà ta sára ṣòkòtò funfun, níbi tí kò yẹ ọmọlúàbí.

"Kò ṣe nǹkan kan mà," ni Alága wí, ohùn rẹ̀ sì ń sunkún.

Ìyá Nọ́ọ̀sì mú ìgbálẹ̀. Alága gbà á. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì; Alága gbà á. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Ọwọ́ tó ti gbẹ̀bí fún ìdajì àdúgbò, òun ni wọ́n ń já nǹkan gbà níbẹ̀ bí ọwọ́ ọmọdé! Àfi bó ṣe wo ọkùnrin náà: ìgbálẹ̀ ní abíyá, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, garawa lẹ́sẹ̀. Inú tó ń bí i sì rọra di ọgbọ́n.

"Alága, ta ló kọ́ ọ níwà tó dára báyìí?"

"Ìyá mi ni mà. Ó ní bí àgbà bá ń ṣiṣẹ́, tí mo bá ń wò ó, ojú mi yóò fọ́."

"Ìyá gidi ni." Ó gbá àkàbà mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e.

"Màmá! Ẹ sọ̀kalẹ̀! Kí lẹ ń wá lọ sókè?"

"Òkè ògiri ni mo fẹ́ kùn."

"Èmi ni màá gùn ún mà!" Ó ti gùn ún.

"Níwọ̀n ìgbà tó o ti débẹ̀, kùn ún."

Ó ń kùn, ó ń mí hẹlẹ. "Ó ti dára mà."

"Èéhù ṣì ń yọjú. Jẹ́ kí n gòkè wá wò ó."

"Ẹ dúró níbẹ̀ mà! Mò ń kùn ún lẹ́ẹ̀kejì!"

Kò lè tètè sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ìyá Nọ́ọ̀sì mú búrọ́ọ̀ṣì mìíràn, ó kọjú sí ìsàlẹ̀ ògiri, ó ń kùn ún dáadáa bí ẹni tó ń fi oògùn pa ojú egbò.

"Màmá, mò ń rí yín o!"

"Máa rí mi. Ojú rẹ kò ní fọ́. Èwo lọmọ rẹ nínú àwọn ọmọ kíláàsì yìí ná?"

"Èyí tí kì í pa ẹnu dé ni mà."

"Mo ti fura."

Alága rẹ́rìn-ín títí àkàbà fi mì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kùn, tí wọ́n ń ṣe òfófó àwọn ọmọ wọn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, títí búrọ́ọ̀ṣì méjèèjì fi pàdé láàárín ògiri. Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí wọ́n parí. Kò sí èéhù mọ́. Kò sí funfun mọ́ lára Alága náà. Ó nà gbalaja sílẹ̀ láàárín yàrá.

"Màmá, àwọn ọmọ wa ti kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Wọ́n ti kúrò. O ṣeun, ọmọ mi."

"Ẹ dákun, oore kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún mà."

"Kí ni?"

"Ilé ìgbẹ́ la ó fọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀." Ó fi ẹ̀yìn tó ń ro ó dìde jókòó, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má wá."

"Rárá," ni Ìyá Nọ́ọ̀sì wí. "Mò ń bọ̀."