Ọwọ́ Tí Mo Yí fún Dádì

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, kódà bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi. Ọjọ́ Sánńdè ni, ní Alief, àdúgbò kan ní Houston, lẹ́yìn àsàlátù. Tí mo bá ti rántí ẹ̀ báyìí, ṣe ni mo máa ń fọwọ́ bojú lórí freeway, kí n tó rántí pé èmi ni mò ń wa mọ́tò.

Bí wọ́n ṣe ń pa àwòrán pọ̀ ni mò ń kọ́ nígbà náà ní college kan ní Houston. Wọ́n á ya èèyàn níwájú aṣọ aláwọ̀ ewé, wọ́n á fi kọ̀ǹpútà yọ àwọ̀ ewé yẹn kúrò, wọ́n á wá gbé ẹni náà sí ibi tí kò sí. Iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wa kẹ́yìn ni pé ká mú èèyàn méjì tó jìnnà síra wọn, ká jẹ́ kí wọ́n pàdé nínú fídíò, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé irọ́ ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gbé ọ̀rẹ́ wọn lọ sínú òṣùpá. Èmi ní tèmi, mo ní n ó ṣe èyí tó máa pa èèyàn lẹ́kún. Ó kúkú pa wọ́n lẹ́kún.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin ni mò ń gbé ní Sugar Land. Dádì ni mò ń pè wọ́n. Ẹnjiníà ni wọ́n, ó sì ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti délé kẹ́yìn, torí ọdọọdún niṣẹ́ kì í gbà wọ́n láyè. Ìyá wọn, Màmá wa ní Ìṣẹ́yìn, ti ń bi àwọn aládùúgbò pé ṣé ọmọ òun ṣì rántí òun báyìí. Nígbà tí mo sọ fún Dádì pé mo lè fi fídíò gbé wọn dé iwájú Màmá, wọ́n gbà. Wọ́n ní, "Ṣe é dáadáa o. Ìyá mi ń rò pé mo ti já wọn jù sílẹ̀."

Àbúrò mi tó wà nílé fi fóònù ya Màmá níwájú ilé. Wọ́n jókòó, wọ́n na ife omi funfun kan síwájú bí ẹni ń fún àlejò. Èmi náà wá irú ife yẹn, mo ta aṣọ aláwọ̀ ewé sínú garéèjì, mo ní kí Dádì wọ aṣọ tó dáa jù tí wọ́n ní. Ni wọ́n bá gbé léèsì aláwọ̀ ewé wọ̀. Èmi ọ̀mọ̀ràn, mo yà wọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà yọ àwọ̀ ewé kúrò tán, orí Dádì àti ọwọ́ wọn méjèèjì nìkan ló kù tó ń rìn lọ bá Màmá. Ìyàwó wọn tó gbé tíì wọlé fún mi rí i, wọ́n ní "Astagfirullahi," tíì sì dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Dádì wọ agbádá funfun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, wọ́n fi ọwọ́ kan di agbádá mú, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gba ife, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Àṣé apá ibi tí Màmá kọjú sí gan-an ni mo ní kí Dádì náà kọjú sí. Bí mo ṣe pa wọ́n pọ̀, àwọn méjèèjì dà bí ẹni tó tò sórí ìlà ní báńkì. Olùkọ́ ti kọ́ wa pé bọ́tìnnì kan wà tó máa ń yí àwòrán sí òdìkejì. Mo tẹ̀ ẹ́. Dádì yíjú sí Màmá wẹ́rẹ́, inú mi sì dùn débi pé mo jó nínú yàrá.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tún etí fìlà Dádì ṣe kí àwọ̀ ewé kankan má ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ibi tí ọwọ́ wọn ti pàdé, mo pa ife kan rẹ́, ó ku ọ̀kan. Olùkọ́ ní òun ò rí ojú ibi tí mo ti so ó pọ̀, ó sì fún mi ní A. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Dádì ní kí n jẹ́ kí àwọn wò ó, mo ní ó dọjọ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù wa bá pé. Ìgbéraga ni.

Ọjọ́ náà pé. Mo ti fi fídíò náà ránṣẹ́ sí Ìṣẹ́yìn kí Màmá náà lè máa wò ó lásìkò kan náà. Nínú gbọ̀ngàn mọ́ṣáláṣí, fídíò bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá ń sọ pé "Màṣá Allah." Nígbà tí Dádì wá na ọwọ́ gba omi, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mo rò pé ẹkún ló ń gbọ̀n wọ́n. Alhaji tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ ló sọ̀rọ̀.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?"

Mo wò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń wo etí fìlà, mi ò wo ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ òsì ni ọmọ Ìṣẹ́yìn fi ń gba omi lọ́wọ́ ìyá tó bí i, àwòrán náà sì fẹ̀ gbàgàdà lára ògiri mọ́ṣáláṣí. Dádì na ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ẹni tó wà ní kóòtù, wọ́n ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ọ̀tún làwọn fi gbà á. Mo dìde láti gbà wọ́n sílẹ̀, mo ṣàlàyé pé ọ̀tún ni lóòótọ́, pé èmi ni mo yí i. Alhaji bi mí pé kí ló dé tí mo fi sọ ọ̀tún àgbàlagbà di òsì. Mo ní nítorí máàkì ni. Kí ilẹ̀ lanu ni mò ń bẹ̀.

Ìgbà yẹn ni fóònù Dádì dún. Màmá ni. Wọn ò pariwo, ohùn wọn kéré gan-an.

"Àkànní, ọwọ́ òsì? Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?"

Mi ò rí Dádì kí wọ́n sunkún rí títí dọjọ́ yẹn. Ojú tì mí ju kí n wò wọ́n lọ.

A ò tíì jẹun ọ̀sán tí mo fi tún wọn yà ní garéèjì, tí wọ́n kọjú síbi tó yẹ. Ọ̀tún di ọ̀tún, mo fi ránṣẹ́, mo pe Màmá, mo tọrọ àforíjì. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n àwọn ò ní wò ó.

"O ní o lè yí i. Tó bá jẹ́ pé yíyí ni, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé Àkànní gba omi lọ́wọ́ mi rárá? Kó wá gbà á níbí."

Dádì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, iṣẹ́ tí kò gbà wọ́n láyè fọ́dún mẹ́sàn-án gbà wọ́n láyè.

Mo ti kọ́gbọ́n. Kí n tó yí àwòrán ẹnikẹ́ni báyìí, ọwọ́ ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, torí olùkọ́ mi lè má rí i, ṣùgbọ́n ìyá ẹni náà á rí i. Lọ́jọ́ kẹta tí Dádì dé Ìṣẹ́yìn, wọ́n pè mí lórí fídíò. Dádì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, wọ́n dìde sórí eékún, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gba ife funfun náà, wọ́n mu ún tán. Màmá wá fa fóònù mọ́ra, ojú wọn kún inú ẹ̀.

"Ìwọ tó ń yí ọwọ́ ọlọ́wọ́, ṣé o rí i? Má fọwọ́ kàn án o."

Mo ní mi ò ní fọwọ́ kàn án, Màmá. Ẹ̀rín pa mí, mo sì tún fọwọ́ bojú.