Ọ̀gá Akọ̀ròyìn Tó Ń Fi Ẹsẹ̀ Ẹlòmíràn Rìn

Ẹ má sọ pé mo kórìíra Ọ̀gbẹ́ni Jónátánì Ògúnbáyọ̀ o. Ta ló máa ráyè kórìíra ẹni tó fẹ́ràn ara rẹ̀ tó báyẹn? Lọ́dún 1926, nígbà tó di aṣojú ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń tẹ̀ l'Ékòó, òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ joyè: Baba Àwọn Akọ̀ròyìn, Ojú Ìwó, Etí Kuta, Imú Ilé-Ogbó. Bí o bá kí i láìka oyè yìí tán, kò ní dáhùn.

Iṣẹ́ Ojú Ìwó kò ju kó jókòó síwájú ilé rẹ̀, kó máa ju abẹ̀bẹ̀. Mùrí, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ló ń ṣiṣẹ́. Mùrí ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Kuta lónìí, tó ń gba Ilé-Ogbó lọ lọ́la, tó ń béèrè ẹni tó kú, ẹni tó joyè, oko tí iná jó. Ilé kéú ni Mùrí ti kàwé, kò dé ilé ìwé míṣọ́n, nítorí náà lẹ́tà Lárúbáwá ló fi ń kọ Yorùbá sínú ìwé kékeré kan. Bó bá dé, á kà á sókè, ọ̀gá á fi lẹ́tà òyìnbó kọ ọ́, á wá fi orúkọ ara rẹ̀ sídìí ẹ̀.

Ó wá rẹ Mùrí. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun alẹ́ kan lè wò. Lọ́jọ́ kan, orí ìforíkanlẹ̀ ló sùn lọ sí ní mọ́sálásí, àwọn yòókù kírun tán, wọ́n sì fi í síbẹ̀. Ó bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n fún òun ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta, kí orúkọ òun sì jáde nínú ìwé ìròyìn lẹ́ẹ̀kan péré, kí ìyá òun lè fi yangàn.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ilé kéú? Bí àwọn ará Èkó bá rí orúkọ rẹ, wọ́n á ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń ṣàìsàn."

Kò pẹ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè, olówó ìwé ìròyìn náà, kọ̀wé pé òun ń bọ̀. Ìròyìn Kuta dùn mọ́ òun, òun sì fẹ́ fi ẹni tó ń kọ ọ́ ṣe olórí gbogbo akọ̀ròyìn ilẹ̀ òkè. Kó mú ìwé tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí dání, kí òun lè fi han àwọn yòókù. Kíá, ọ̀gá ti gba ìwé lọ́wọ́ Mùrí. Ó ní kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn, pé ọmọ míṣọ́n lòun máa gbà bóun bá ti dépò.

Mo mọ ohun tó ń rò. Ó rò pé onígbàgbọ́ ará Èkó kò ní mọ lẹ́tà Lárúbáwá, òun á sì pè é ní lẹ́tà àṣírí. Ó gbàgbé pé Ìwó ló wà.

Iwájú tésàn rélùwéè ló kó wa jọ sí. Bí àlejò ṣe sọ̀kalẹ̀, ọ̀gá na ìwé sókè, ó ní òun lòun ṣẹ̀dá lẹ́tà inú rẹ̀ kí ọ̀tá má baà jí ìròyìn òun. Ó ṣí i láti ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé òyìnbó.

Fàsílátù tó ń ta aṣọ, tó ti ka Kùránì tán láti ìgbà ọmọge, rọra sọ pé, "Ẹ̀yìn ìwé nìyẹn, bàbá."

Ọ̀gá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó kà á lọ ràì: "Èmi Ògúnbáyọ̀ gun ẹṣin funfun wọ Kuta, tọmọdé tàgbà sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja." Ẹṣin! Ọkùnrin tí ewúrẹ́ ń lé! Ìdajì àwa tó wà níbẹ̀ ló ti ilé kéú jáde, a sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè rí wa. Ó bi Fàsílátù bóyá ó mọ̀ ọ́n kà. Fàsílátù kúnlẹ̀, ó gba ìwé, ó sì ka ojú ewé yẹn gan-an:

"Mo rìn dé Kuta lónìí. Ibà ń ṣe mí, ẹsẹ̀ mi wú. Ọ̀gá ní n kò gbọdọ̀ sinmi, kí n ra àkàrà bọ̀. Ọlọ́run, ó rẹ̀ mí."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Èmi gan-an, omi lé sí mi lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè wí fún ọ̀gá, "ẹ bọ́ bàtà yín."

Ọ̀gá bọ́ ọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ náà rọ̀ bíi ti ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ̀rín wá sọ, àwọn tó ń kó ẹrù nínú ọkọ̀ fi ẹrù sílẹ̀ wá wò ó. A nawọ́ sí Mùrí tó ni ìwé náà, ó wà lẹ́yìn gbogbo wa, ó fi àkísà di ẹsẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè ní Mùrí ni olórí láti òní lọ, orúkọ rẹ̀ á sì jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mùrí dúpẹ́. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ lọ sùn.

"Máa lọ sùn," ni olówó ìwé ìròyìn wí. Ó wá yíjú sí Ògúnbáyọ̀, ó ní ìròyìn Kuta gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin ọ̀la.

Ògúnbáyọ̀ wọ bàtà, ó gbọn agbádá, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Kò tíì rìn jìnnà tó fi padà, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fàsílátù, tó sì bi í wúyẹ́wúyẹ́ pé ọ̀nà wo ló lọ sí Kuta.