Àna Mùsílíù Jẹ Oúnjẹ Ewúrẹ́

Jayden, yọ nǹkan etí yẹn! Dámi, gbé ìdí rẹ sún mọ́ mi níbí. Ẹ wá gbọ́ ohun tójú Mùsílíù rí nílùú Fulshear, ní Amẹ́ríkà níbí.

Ẹ̀rín ti ń pa mí kí n tó bẹ̀rẹ̀!

Mùsílíù fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ epo ní Pasadena, ó ní ewúrẹ́ lòun máa sìn. Aràn ò jẹ́ kí ewúrẹ́ gbádùn. Gbogbo oògùn tó rà, kò tu irun kan lára aràn. Aràn ń fi oògùn mu tíì!

Ni Dókítà Olúbùkọ́lá bá yọ. Dókítà ewéko ni, kì í ṣe tènìyàn. Ó ní ewé kan wà, ìbátan ẹ̀wà, tí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́, aràn á máa já bọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣa irúgbìn èyí tó dáa jù, tó ń tún un gbìn, kó lè fara da oòrùn ìhín. Ó gbin díẹ̀ sẹ́yìn ilé Mùsílíù.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun fọwọ́ kàn án títí n ó fi dé láàárọ̀ Sátidé. Tó bá bàjẹ́, kò sí irúgbìn fún yín mọ́ o."

Mùsílíù fi wáyà dí ewúrẹ́. Ó fi wáyà dí ehoro.

Àna ni kò rántí dí!

Ìrọ̀lẹ́ Fráídè, Àǹtí Bíyìí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, àti Habeeb ọkọ Àǹtí dé láti Westchase. Wọ́n ní àwọn kàn yà kí wọn ni.

Ẹni tó yà kíni, tó gbé ìrọ̀rí dání!

Wọ́n jẹun tán, ẹnu ń yún Mùsílíù. Ó kó wọn lọ sẹ́yìn ilé.

"Ẹ wo ewé mi! Aràn ò lè gbé inú ẹran tó bá jẹ ẹ́!"

Àǹtí Bíyìí já kan, ó rún un. Ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Ó korò!"

"Ó korò dáadáa, Àǹtí mi."

Àǹtí wo Habeeb. Habeeb wo Àǹtí.

Ẹ̀yin ọmọ Amẹ́ríkà, ẹ ò lè mọ ìtumọ̀ ìwò yẹn. Ewé tó korò, tó tún ń lé nǹkan jáde nínú! Àgbà Yorùbá wo ni ò ní rántí jẹ̀díjẹ̀dí?

Mùsílíù wọlé lọ wẹ̀. Kó tó jáde, ọgbà ti pá lórí! Ìkòkò ń hó lórí iná, pọ̀-pọ̀-pọ̀, tòun ti kán-ún àti ọsàn wẹ́wẹ́.

"Àǹtí mi! Ewé Dókítà!"

"Àna wa, ẹ̀mí ewúrẹ́ lẹ fẹ́ gbà là. Tèmi ńkọ́?"

"Bàbá Pẹ̀lúmi, ẹ fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ o," ni Ọmọ́níkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wí. Kọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ òun náà!

Habeeb gbé kọ́ọ̀bù àgbo kan mì. Ó tún bu òmíràn.

Gbùrùrùrù! Inú rẹ̀ dáhùn.

Kùrùkùrùkùrù! Ti Àǹtí gbè é.

Wọ́n tò sẹ́nu tọ́ílẹ́ẹ̀tì bí ẹni fẹ́ gba físà. Ẹni tó jáde á tún lọ tò sẹ́yìn.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí Dókítà fi dé. Ó rí ilẹ̀ pípá, ó káwọ́ lérí.

"Bàbá! Ewúrẹ́ wo ló jẹ ẹ́?"

"Kì í ṣe ewúrẹ́, Dókítà. Àna mi ni."

Dókítà wo àwọn àna tó di ikùn mú lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ẹ̀rín mì.

"Ó dáa. Ẹran tó bá jẹ ẹ́, ìgbẹ́ rẹ̀ la fi ń mọ̀ bóyá aràn ti dín kù. Tí wọ́n bá lè fún mi ní díẹ̀ mú lọ, ẹ máa rí irúgbìn gbà."

Ó na náílọ̀n síwájú.

Mùsílíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Àǹtí mi, ẹ dákun! Nítorí àwọn ewúrẹ́ mi!"

"Ìgbẹ́ ta ni? Ìgbẹ́ èmi Bíyìí, ọ̀gá nọ́ọ̀sì? Habeeb, wọ mọ́tò!"

Gbàà! Ilẹ̀kùn. Fùùùn! Mọ́tò. Àlejò tó gbé ìrọ̀rí wá ò rántí ìrọ̀rí mọ́!

Mọ́tò dé igun. Kííí! Ó dúró. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀. Habeeb yọrí lójú fèrèsé, òógùn bò ó.

"Dókítà, ẹ mú náílọ̀n yẹn wá kíá! Èyí tó tóbi jù ni o!"